Ààwẹ̀ Tí Màmá Mi Gbà Kí Amẹ́ríkà Má Baà Sọ Mí Di Abàmì

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Èkìtì, mi ò lè rìn láti Fájuyì dé Adébáyọ̀ kí ẹnì kan má dá mi dúró. Wọn kì í béèrè àlàáfíà mi. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bí mo ṣe rí ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà gbà láì fẹ́ òyìnbó, láì jẹ fíìsà lọ́tìrì, láì ní ẹ̀gbọ́n bàbá kankan níbẹ̀. Àwọn kan ti pinnu pé mo fẹ́ òyìnbó kan, pé ńṣe ni mo fi í pamọ́. Obìnrin kan tó ń ta bàtà bi mí bóyá òyìnbó náà ti darúgbó jù láti wọ ọkọ̀ òfuurufú ni. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, kí ẹnu lè sinmi, kí bàtà sì lè tà.

Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ mi, ọmọ Òkè-Ìlá ni mí. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń wádìí ohun tó ń mú isu rà nínú àká. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti ṣí àká rẹ̀ rí, tó rí i pé ìdajì isu òun ti di omi, mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Yunifásítì kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí kò sí òkun, tí kò sí òkè, tó jẹ́ pé àgbàdo nìkan lojú ń rí, gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní kí n wá máa ṣe é lọ́dọ̀ àwọn fún ìgbà díẹ̀. "Ìgbà díẹ̀" yìí ló bí gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Ìlú tí wọ́n ti ń gba oríyìn nítorí omi gbígbóná

Ìgbà òtútù ni mo débẹ̀. Òtútù náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa tó jẹ́ pé ètè ló máa ń là. Etí mi méjèèjì ni mo wá tì. Mo rò pé wọ́n ti já bọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ́yàyà, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ìkíni wọn kò ní ìdí. Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, kí o sì tó ròyìn dé orí orúnkún tó ń dùn ọ́, wọ́n ti kọjá lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo tẹ̀ lé obìnrin kan kí n lè parí ìdáhùn mi. Ó mú ìrìn rẹ̀ le. Èmi náà mú tèmi le. Ọ̀gá mi pè mí lọ́jọ́ kejì pé kò pọn dandan kí n máa dáhùn tán.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń yin ara wọn. Ọmọkùnrin kan ní yàrá ìwádìí wa gbé omi kaná, omi hó, ló bá na ọwọ́ sókè pé òun mà mọ iṣẹ́ yìí jù! Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo wojú omi, mo wojú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ ọ̀gá mi gbé ife ẹ̀yẹ wá fi hàn wá, ó ní òun sá eré ìje. Mo bi í pé ẹni kelòó ló ṣe, ó ní òun ló kẹ́yìn. Mo wá béèrè pé kí ni wọ́n fún ẹni tó ṣáájú. Ó ní ife kan náà ni.

Ẹ̀yin náà mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Ọdún tí mo gbé ipò kejì wálé, bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹni tó ṣe ipò kìíní, orí méjì ló ní ni?" Ọdún tó tẹ̀ lé e mo ṣe ipò kìíní. Ó ní, "Ó dáa. Lọ fọ abọ́."

Nígbà àjọ̀dún ìdúpẹ́ wọn, ọ̀gá mi pè mí wá jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bọ́sẹ̀dé, a se isu nítorí rẹ." Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Wọ́n wá gbé àwo ńlá kan dé. Ọ̀dùnkún pupa ni, òun ni wọ́n ń pè ní isu níbẹ̀, wọ́n ti da ṣúgà lé e lórí, wọ́n wá fi súìtì funfun rọ̀bọ̀tọ̀-rọ̀bọ̀tọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi iná yan súìtì náà. Gbogbo wọn ń wò mí bóyá yóò dùn mọ́ mi. Mo jẹ ẹ́. Mo ti fi ọjọ́ ayé mi wo isu tó ti rà, mi ò rí èyí tó bà mí nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wá ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa kiri títí mo fi rí ọ̀kan. Ọmọ Èkó ló ni ín. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní usu gidi?" Kò dá mi lóhùn. Ó ké sí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn pé, "Jáde wá o, ará Èkìtì kan dé!"

Ìbéèrè lọ́yà

Ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fún mi ń lọ sópin. Yunifásítì ṣì fẹ́ kí n dúró, ṣùgbọ́n ìwé ọwọ́ mi kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú mi lọ bá lọ́yà kan, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í mu tíì rẹ̀ tán. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tó yá: ọ̀nà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bá lè fi han ìjọba pé ìmọ̀ àwọn kì í ṣe kékeré, pé àwọn ta gbogbo ẹgbẹ́ àwọn yọ. Ẹkisitraọ́dínárì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ mi nílò fíríìjì tí kì í kú láé, ẹ sì mọ̀ bí iná tiwa ṣe rí. Bí mo bá padà sílé pátápátá, kòkòrò àìfojúrí tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà yìí yóò kú kí n tó tú gèlè kúrò lórí. Bí mo bá sì jókòó sọ́hùn-ún láì ní ìwé tó dájú, mi ò ní lè wá sílé, nítorí bí mo bá jáde, wọ́n lè má ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́. Bàbá mi ti lọ. Màmá mi nìkan ló kù nílé, èmi nìkan ni mo sì kù fún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ̀, yálà isu tàbí ìyá. Bí wọ́n bá gbà, mo ní méjèèjì.

Lọ́yà mú bírò. Ó ní, "Kí ni o lè ṣe ju gbogbo ènìyàn lọ?"

Mo ní, "Ọlọ́run ló ń ràn wá lọ́wọ́."

Ó ní, "Ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé ni mo ń bá wí. Ṣé wọ́n ti fún ọ ní ẹ̀bùn rí?"

Mo ronú. Mo ní wọ́n fún mi ní ti ìmọ́tótó ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó mu tíì díẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti fi ọ́ ṣe adájọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn rí?"

Èyí ni mo mọ̀! Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni adájọ́ ìdíje iyán gígún nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa." Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní àwọn onímọ̀ òyìnbó ti kọ lẹ́tà nípa mi, ṣùgbọ́n ìjọba yóò fẹ́ gbọ́ láti ìlú tí isu ti wá. Ìwé ọwọ́ mi ṣì lè gbé mi lọ kó gbé mi bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ àlàyé gbogbo ohun tí ìjọba ń béèrè sínú ìwé kan, mo sì fi í ṣáájú ara mi ránṣẹ́ sí màmá mi, kí ó lè bá mi sọ fún àwọn tó máa kọ lẹ́tà kí n tó dé. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi.

Òkè-Ìlá

Mo dé ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ilé tó kún fún aṣọ funfun. Ìjọ Aládùúrà tí màmá mi ń lọ ló kóra jọ sí pálọ̀ wa, wọ́n bọ́ bàtà wọn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin. Mo rò pé ẹnì kan ti kú. Màmá mi jáde, kò dì mọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mi mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá mí èémí sílẹ̀.

"Ó ṣì jẹ́ ọ̀kan," ló wí fún àwọn tó wà nínú ilé. Wọ́n ní, "Ògo!"

Mo ní, "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí ni kò ṣẹlẹ̀? Bàbá Ajíbádé ka ìwé rẹ fún mi. Ó ní ìjọba ulú tí o lọ ti ní kò sí ohun tó máa mú kí àwọn gbà ọ́ sínú ulé àwọn, àfi kí o fi hàn pé abàmì ẹ̀dá ni ọ́."

Bàbá Ajíbádé ni aládùúgbò wa, olórí ilé ìwé gíga tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ ìjọ tí kì í pàtẹ́wọ́ nínú ìsìn. Ó dìde láti ibi tó jókòó sí ní igun, ó ní òun kò kàn sọ ọ́ láti orí, òun wo ìwé atúmọ̀ èdè ńlá òun. Ẹkisitraọ́dínárì: ohun tí kò rí bí ohun gbogbo ṣe ń rí. Kí ni Yorùbá ń pe ẹ̀dá tí kò rí bí ẹ̀dá ṣe ń rí? Mo ní, "Bàbá, àrà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ sọ." Ó ní àrà ọ̀tọ̀ kò wúwo tó.

Ìyá Wòlíì, obìnrin sànràn tó ni ohùn, ní kí n kúnlẹ̀. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé. Bí mo ṣe kúnlẹ̀, ó ké pé, "Olúwa, sọ ọ́ di bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀!"

"Àmín!"

"Ohunkóhun tó bá fẹ́ mú kó ta yọ, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!"

"Àmín!"

"Kí ìjọba Amẹ́ríkà wò ó títí, kí wọ́n má rí nǹkan kan!"

Màmá mi ló ṣe àmín yìí jù. Mo gbé orí sókè láti bá wọn jiyàn, Ìyá Wòlíì fi ọwọ́ tì í mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bá màmá mi ní ẹ̀yìnkùlé, mo fẹ́ bínú. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ùwọ ò mọ̀ wọ́n." Mo mọ àwọn tó ń sọ. Kí n tó dé ayé, ó ti bí ọmọ méjì. Àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ kó tó hu eyín. Èkejì ń rìn nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó. Gbogbo Òkè-Ìlá ń pè wọ́n ní abàmì ọmọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fún wọn ní àkàrà. Kò sí èyí tó dúró nínú àwọn méjèèjì. Èmi pẹ́ kí n tó rìn, mo tún pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀, màmá mi sì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́ pé mi ò tètè ṣe nǹkan kan. Mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré bí ẹni ń gbọ́ àwàdà. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tó dùn mí. Mi ò bínú mọ́, mo bá a tẹ́ ẹní.

Lẹ́tà Bàbá Ajíbádé

Ó kù kí n wá ẹni tó máa kọ̀wé pé mo ta yọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ní Èkìtì? Ibi tó jẹ́ pé bí o bá ju òkò sọ́jà, orí ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa bà, ọ̀jọ̀gbọ́n náà á sì yẹ òkò náà wò kó tó bínú? Mo wọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Adébáyọ̀ pé kí wọ́n bá mi tẹ ìwé kan, mo ní dókítà ni mí. Ọkùnrin tó ń tẹ̀wé kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Àwọn dókítà ló wà lórí ìlà yẹn, ẹ tò sẹ́yìn wọn."

Mo lọ bá olùkọ́ mi àtijọ́ kan. Ó ní ibi tí òun ti mọ ẹkisitraọ́dínárì ni ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú, pé ìgbà tí alága àti akọ̀wé bá fẹ́ bá ara wọn jà ni wọ́n máa ń pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ó bi mí ẹni tí mo bá jà. Obìnrin kan ládùúgbò gbọ́ pé dókítà dé, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú wá. Mo ní dókítà isu ni mí. Ó ní kí n ṣáà wò ó, pé ó ti ń rí bí isu.

Bàbá Ajíbádé nìkan ló gbà láti kọ ọ́. Ó wọ gíláàsì, ó wọ kóòtù, ó kọ ọ́ ní òwúrọ̀ kan gbáko, ó sì kà á sí mi létí pẹ̀lú ìgbéraga. Ohun tó kọ nìyí:

"Mo mọ Bọ́sẹ̀dé láti kékeré. Onírẹ̀lẹ̀ ọmọ ni. Kò yájú sí àgbà rí. Ó máa ń tètè dé ilé ìsìn. Ní ti ìwé, ó ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí n má baà parọ́ fún ìjọba ńlá bíi tiyín, ní òpópónà wa yìí, ọmọ tó wà ní ilé tó kọjú sí tiwa ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú rẹ̀, àbúrò ìyẹn sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ fún un."

Mo ní, "Bàbá, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Bọ́sẹ̀dé, ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé a kò kọ́ ọ nílé ni? Mo ti yìn ọ́ débi pé ẹ̀rù ń bà mí. 'Ó ń gbìyànjú' yẹn, mi ò kọ ọ́ fún ọmọ tèmi rí."

Òótọ́ ló sọ, mo mọ ọmọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo gba lẹ́tà náà, mo gbé e padà lọ sí Amẹ́ríkà. Lọ́yà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó bi mí bóyá ọ̀tá mi ló kọ ọ́.

Àdúrà gbà

A kó ìwé lọ, tòun ti lẹ́tà Bàbá Ajíbádé, nítorí òun nìkan ló ti ilé wá. Ìjọba wò ó títí. Ìgbà tí èsì dé, lọ́yà pè mí, ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó mu tíì. Wọn kò tíì kọ̀, wọn kò sì tíì gbà. Wọ́n ní àwọn rí i pé mo ń ṣiṣẹ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi hàn pé mo yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ mi. Kí n wá fojú kan àwọn, kí n wá ṣàlàyé ara mi. Bí àlàyé náà kò bá wọ̀ wọ́n létí, kí n máa palẹ̀ mọ́.

Mo pe màmá mi. Ilé kò ní fóònù nígbà náà. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Adébáyọ̀ yẹn náà ló ti máa ń gba ìpè mi, lójú gbogbo àwọn tó wá tẹ̀wé.

Ó ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní mo rí bí àwọn ẹgbẹ́ mi."

"Gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n wò ọ́ títí, wọn ò rí nǹkan kan?"

"Wọn ò rí nǹkan kan."

Mo gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀, mo rò pé ó dákú. Àga ló dà nù, ijó ló ń jó. "Àdúrà gbà o! Ẹ bá mi dúpẹ́, wọ́n ní ọmọ mi kì í ṣe nǹkan kan!" Gbogbo ilé ìtẹ̀wé bú sí ẹ kú oríire. Ẹnì kan dá orin. Mo dúró ní Amẹ́ríkà, mo gbá fóònù mọ́ etí, mo ń gbọ́ bí ìlú mi ṣe ń yọ̀ pé mi ò já mọ́ nǹkan kan.

Mo pariwo títí ó fi padà síbi fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ mọ́ ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Usu tí ẹ máa ń yà sọ́tọ̀ fún ìkórè ńkọ́?"

"Èyí tó tóbi jù?"

"Òun. Ṣé ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà yín ni?"

"Ẹ̀rù usu kẹ̀? Iwájú pẹpẹ la máa ń gbé e sí, kí gbogbo ènìyàn lè rí i."

"Òun ni wọ́n ní kí n wá jẹ́. Bí mi ò bá jẹ́ ẹ, mi ò ní lè máa ṣe uṣẹ́ mi kí n tún máa wá wò yín."

Orin lẹ́yìn rẹ̀ dákẹ́, wọ́n fẹ́ gbọ́.

"Usu ìkórè," ló wí. "Yéè! Kí ló ṣe Ajíbádé tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ti ibẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ Ìyá Wòlíì pé kí wọ́n dá àdúrà náà padà. Ìyá Wòlíì ní kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ti débẹ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n máa gbà. Màmá mi gba mẹ́jọ, ó ní òun fi ọ̀kan ṣe èènì.

Iwájú tábìlì

Ọkùnrin tó jókòó síwájú mi ní ọ́fíìsì ìjọba kò rẹ́rìn-ín, kò sì bojú jẹ́. Lọ́yà ti kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Mo ti dúró síwájú díńgí, mo ti ń sọ fún ara mi pé mo ta yọ, mo ta yọ, títí ojú fi tì mí.

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé o gbà pé ìmọ̀ rẹ ta ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ yọ?"

Ẹnu mi ló dà mí. Kí n tó mọ̀, mo ti tẹ orí ba, mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, à ń gbìyànjú ni." Lọ́yà tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Gíga ni ti Olúwa." Ó tún tẹ̀ mí.

Ọkùnrin náà ṣí ìwé sí iwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ bàjẹ́. Ó wá dúró lórí ojú ewé kan. Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ ìdíje iyán gígún? Ṣé kí wọ́n ṣáà gún un ni?"

Kí wọ́n ṣáà gún un! Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá ṣáà gún un ló máa ń jẹ kókó. Mo ṣàlàyé isu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí kò fẹ́ gún, àti èyí tó ti sinmi nínú àká tó máa ń fà. Mo sọ pé ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ́ ha isu lára ní oko ni ìrà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fojú rí i. Mo sọ ohun tí mo rí nínú ọgbẹ́ náà tí ẹnì kankan kò rí ṣáájú mi, àti bí mo ṣe fi kòkòrò àìfojúrí kan dá èkejì dúró, tí isu àwọn àgbẹ̀ tó gbìyànjú rẹ̀ ní ìtòsí Ìgèdè fi rí òjò tuntun láì rà. Mo ní bí mo bá kú lónìí, kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí mo bá a dé, ìyẹn sì ń dùn mí. Mo fọwọ́ lu tábìlì. Tíì lọ́yà dà nù.

Ọkùnrin náà ní, "Ó ti tó." Ó béèrè ẹni tó ń jẹ́ Ajíbádé. Mo ní bàbá kan ládùúgbò wa ni. Ó ní òun ti ń ka irú lẹ́tà báyìí tipẹ́, gbogbo ènìyàn ló máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láyé nínú wọn, àti pé eléyìí nìkan ni òun gbà gbọ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò gba nǹkan kan. Ó tún ní bí òpópónà yẹn bá rí bí bàbá náà ṣe wí, òun fẹ́ mọ irú omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni káàdì ìgbélùú náà dé. Mo sunkún lórí rẹ̀ gan-an. Lọ́yà bá mi yọ̀, ó sì mu tíì rẹ̀ tán.

Ìdúpẹ́

Mo kọ́kọ́ wá sílé kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pè mí síwájú ìjọ. Màmá mi wọ funfun tó mọ́ tó fi ń dun ojú, ó gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ìyá Wòlíì gbé ohùn lé e. "Ẹ wo ohun tí Olúwa ṣe! Wọ́n ti fún arábìnrin wa ní ìwé pé kó máa gbé ní Amẹ́ríkà títí láé!"

Ìjọ hó gèè. Agogo dún. Mo wo màmá mi, ọwọ́ rẹ̀ tó gbé sókè ti dúró sójú kan. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Títí kí ni?" ló wí.

Ẹni tó ń lu agogo gbé e sílẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, pé ìwé náà gan-an ló jẹ́ kí n lè wá, pé láìsí i, bí mo bá jáde, ilẹ̀kùn lè tì. Ó ń gbọ́ mi, ó ń yí káàdì náà lọ́wọ́. Ó gbé e wá sí iwájú mi.

"Ùwọ lo mọ̀wé. Wọ́n kọ ìdúró síbẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́, Màmá."

"Níbo ni wọ́n kọ ìbọ̀ sí?"

Mo yẹ iwájú rẹ̀ wò, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mi ò rí i. Gbogbo ìmọ̀ tí mo fi na tábìlì ìjọba kò lè bá mi kọ ọ́ síbẹ̀.

Màmá mi ká káàdì náà sí etí ìró rẹ̀, ó dì í ní kókó. Ó ní ọjọ́ tí mo bá ń lọ ni màá gbà á, bí mo bá ti dárúkọ oṣù tí màá padà wá. Mo wo Ìyá Wòlíì kó gbà mí sílẹ̀. Ìyá Wòlíì káwọ́ sẹ́yìn, òun náà ń retí oṣù.

Mo ní, "Oṣù Ògún."

Màmá mi ní, "Àmín." Ìgbà náà ni ìjọ tó bá a ṣe àmín.